Ohùn Tó Ń Dá Ọmọ Mi Lóhùn

Aṣọ ilé-ìwé ni mò ń rán jẹun. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mápó, lójú ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ sí Ọjà'ba. Bí àwọn ilé-ìwé bá ti fẹ́ wọlé, ọmọ ọlọ́mọ ni mo máa ń wọ̀n láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo lè wo ọmọ lókèèrè kí n sì sọ iye aṣọ tí yóò gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ọmọ tèmi, tó di pé kí n sọ bóyá ó ti tó ilé-ìwé í lọ, mi ò mọ ohun tí mo lè fi wọ̀n ọ́n.

Obìnrin ni, òun nìkan ni mo sì bí nígbà náà. Ó ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́rin. Ara rẹ̀ le, ó ń jẹun, ó ń sáré, ó ń fọ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kó tó wọ yàrá. Bí mo bá ní kó bá mi mú òwú dúdú láàárín àwọn òwú tó kù, dúdú gan-an ni yóò mú wá. Ohun kan ṣoṣo ni kì í ṣe. Kì í sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe pé kò gbọ́ràn o. Wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò ní ọsibítù, wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún kan ó ti ń pe "Mọ́mì", ó ti ń pe "omi", ó máa ń nawọ́ sí ewúrẹ́ kó ní "ewú, ewú". Lẹ́yìn náà ni ẹnu rẹ̀ pa dé, bí ìgbà tí èèyàn rọra ti ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ìró rẹ̀. A ò mọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí a ó fi fura, ó ti pẹ́.

Inú agbo ilé àwọn ọkọ mi ní Ọ̀rányàn la ń gbé. Ọkọ mi ń wa tírélà lọ sí òkè Ọya, ó máa ń pẹ́ kí a tó rí i, nítorí náà èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ ń tọ́ ọmọ. Ìyá ọkọ mi kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ ilé-ìwé sílẹ̀, ó fa ọmọ náà sáàárín orúnkún rẹ̀, ó gbé apá ọ̀tún rẹ̀ sókè, ó na án kọjá àtàrí, ó sì fi ìka ọmọ náà kan etí òsì.

"Ìyàwó, wò ó," ó ní. "Ọwọ́ ti kan etí. Báyìí ni wọ́n ṣe wọn ọkọ ẹ, báyìí ni wọ́n ṣe wọn èmi náà. Ọmọ yìí ti tó ilé-ìwé."

"Màmá, ẹnu ńkọ́?"

"Bó bá dé àárín ẹgbẹ́ ẹ̀, á sọ̀rọ̀. Ta ló fẹ́ bá sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí?"

Òótọ́ ló sọ. Agbo ilé náà ti ń tú. Àwọn ọ̀dọ́ ti kó lọ sí ẹ̀yìn ìlú, níbi tí wọ́n kọ́ ilé tuntun sí, àwọn àgbà sì ń kú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ló la ilé náà já, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti tì pa tí a ò sì mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú ọ̀sán gangan, bí oòrùn bá gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, kì í dé ìdajì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìdajì tó kù máa ń ṣókùnkùn, ó sì máa ń tutù bí inú àmù.

Níbẹ̀, ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ni yàrá Màmá Àgbà wà.

Màmá Àgbà ni ìyàwó ìkẹyìn tí bàbá bàbá ọkọ mi fẹ́. Igbá ló tà ní Ọjà'ba títí ó fi darúgbó. Wọ́n ní ó lóhùn púpọ̀, pé bó bá ń pe oníbàárà, àwọn tó ń gun òkè Mápó máa ń bojú wẹ̀yìn. Èmi ò gbọ́ ohùn náà rí. Kí n tó wọlé ọkọ ni àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lù ú. Ó mú apá kan ara rẹ̀, ó fa ẹnu rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ pátápátá. Láti ìgbà náà, orí ibùsùn ló wà. Ìyá ọkọ mi ló ń wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, èmi ni mò ń fún un ní ẹ̀kọ mu bí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù dé. A ń kí i, a ń bá a tàkúrọ̀sọ, ojú ló fi ń dá wa lóhùn. Bí mo bá ti kọ ẹ̀yìn sí i láti jáde, mo máa ń mọ̀ ọ́n lára pé ó ń wò mí títí aṣọ ilẹ̀kùn á fi bò mí.

Jẹ́lé-ó-sinmi kan wà nítòsí Bẹẹrẹ tí mo máa ń rán aṣọ fún àwọn ọmọ ibẹ̀. Mo múra fún ọmọ mi, mo di irun rẹ̀ ní kóló, mo mú un lọ. Ọ̀gá ilé-ìwé náà jẹ́ obìnrin onísùúrù, ó ti bá ọmọ kéékèèké ṣe iṣẹ́ pẹ́. Ó gbé ọmọ náà jókòó síwájú ara rẹ̀, ó kó àwòrán sílẹ̀. Ó ní níbo ni ìgbálẹ̀ wà, ọmọ nawọ́ sí i. Ó ní èwo ni wọ́n fi ń bu omi, ọmọ nawọ́ sí i. Ó fún un ní pẹ́ńsù, ọmọ fa ìlà, ó yí òbírí. Inú mi ti ń dùn.

"Ó dáa. Wá sọ orúkọ ẹ fún mi."

Ọmọ mi gbójú sí fèrèsé.

"Kí lorúkọ ẹ, ọ̀rẹ́ mi? Sọ ọ́ sí mi létí."

Ó tẹ etí sílẹ̀. Ọmọ náà wo etí yẹn, ó sì fi ọwọ́ kan yẹtí tó wà níbẹ̀.

Ọ̀gá ilé-ìwé dìde, ó bá mi jáde sí ẹnu ọ̀nà. "Mọ́mì, ọmọ yín gbọ́n. Mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ bá gbọ̀n ọ́n, báwo ló ṣe máa sọ? Bí ọmọ míì bá fìyà jẹ ẹ́, ta ló máa fẹjọ́ sùn? Ọmọ tí ò lè sọ tinú ẹ̀, a lè máa rò pé ó ń bá wa bọ̀ nígbà tó jẹ́ pé ó ti dúró lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kó lo sáà kan sí i nílé. Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ gan-an."

Mo dúpẹ́. Mo pọn ọmọ mi láti Bẹẹrẹ títí délé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kọjá ọmọ tí wọ́n ń pọ̀n, nítorí mi ò fẹ́ kó rí ojú mi.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni àwọn ará ilé lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Bẹyẹrúnkà. Oorun ti gbé ọmọ mi lọ kí wọ́n tó jáde, ni ìyá ọkọ mi bá ní kí obìnrin kan tó máa ń ta ata níwájú ilé bá wa máa yọjú wò ó. Èmi wà ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n mú iná lọ, ẹ̀rọ mi dákẹ́, mo ní kí n kúkú lọ sílé.

Aláta kí mi káàbọ̀. "Ọmọ ẹ ń sùn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó ni."

Mo wọlé. Ẹní wà nílẹ̀, ìrọ̀rí wà lórí ẹní, ọmọ ò sí níbẹ̀. Ilé dá wáí. Mo fẹ́ pe orúkọ rẹ̀, mo wá rántí pé bí mo bá tilẹ̀ pè é, kò ní dáhùn. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ̀rọ̀ láti inú òkùnkùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́hùn-ún.

Èèyàn méjì ló ń sọ̀rọ̀. Ohùn ọmọdé kan, tín-ín-rín, tó mọ́ gaara. Àti ohùn obìnrin àgbà, tó fẹ̀, tó ń ti àyà wá, tí kò kánjú. Mi ò gbọ́ ìkankan nínú ohùn méjèèjì rí láyé mi.

"Ó wá ń ṣe kí ni?" Ohùn kékeré ló bèèrè.

"Ó dúró."

"Kí ló dúró ṣe?"

"Ó ń dúró de ìyá ẹ̀."

"Níbo ni ìyá ẹ̀ wà?"

Ohùn ńlá náà ní, "Ìyá ẹ̀ ti dé. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà."

Ni gbogbo ilé bá dákẹ́.

Mo fi ọwọ́ ti ògiri, mo rìn wọ inú òkùnkùn náà lọ. Nígbà tí mo ká aṣọ ilẹ̀kùn Màmá Àgbà sókè, ọmọ mi jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn, ó ká ẹsẹ̀ kò bí ẹni tó wà ní ilé kéú. Màmá Àgbà fẹ̀yìn lélẹ̀ bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lánàá. Àwọn méjèèjì ti ń wo ibi tí ojú mi máa gbà yọ kó tó yọ.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" mo bi ọmọ náà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ó sọ̀ kalẹ̀, ó di ìró mi mú. Mo wo ẹnu Màmá Àgbà. Ó fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó ṣe máa ń fà, itọ́ ti gbẹ létí rẹ̀. Ẹnu yẹn kò lè pe ọ̀rọ̀ kan kó já gaara.

Nígbà tí ìyá ọkọ mi dé, mo rò ó fún un. Ó fọwọ́ kan ọrùn mi bóyá ara mi gbóná. "Oòrùn ló pa ọ́," ó ní. Mo pe ọkọ mi lórí fóònù, ó ní rédíò aládùúgbò ni mo gbọ́, kí n má dá wàhálà sílẹ̀ fún ìyá òun. Mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo gbọ́.

Ihò kékeré kan wà lára ògiri yàrá Màmá Àgbà, níbi tí wọ́n máa ń gbé fìtílà sí láyé àtijọ́. Lọ́jọ́ kan tí ìyá ọkọ mi lọ sí Mọ́lété, mo fi fóònù mi síbẹ̀, mo tẹ ohun tí ó máa ń gba ohùn sílẹ̀, mo fi ọmọ mi sílé, mo sì lọ jókòó ti aláta lójúde. Mo jókòó títí wọ́n fi pe ìrun Àlàásárì. Mo wọlé lọ mú fóònù. Bí mo ṣe ń bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sí ìró kankan.

Mo dúró di ìgbà tí ìyá ọkọ mi dé. Ẹ̀yìnkùlé la lọ. Mo tẹ̀ ẹ́ fún un.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, adìyẹ nìkan la gbọ́, àti bí ibùsùn ṣe ń dún. Lẹ́yìn náà ni ohùn kékeré náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà. "Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin." Ó ń sinmi lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń gbé nǹkan sílẹ̀. "Àrún. Èje."

"Padà," ohùn ńlá ní. "O fo ọ̀kan. Ọ̀kan yẹn ló máa fọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́. Padà sẹ́yìn."

"Àrún. Ẹ̀fà. Èje."

"Ẹn-ẹ́n. Bá yẹn lọ."

Mo rí ìyá ọkọ mi tí ó ń rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí tó jókòó lé, títí ó fi bá ara rẹ̀ nílẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

"Ohùn ẹ̀ nìyẹn," ó ní. "Ohùn ẹ̀ ìgbà tó ń tajà. Láhìláhà ìlàlláhù. Ìyàwó, ohùn ẹ̀ kó tó ṣàìsàn nìyẹn!"

"Àbí ọmọ yẹn ló ń ṣe ohùn méjèèjì?" Mo bèèrè, torí mo ń wá ibi tí ọkàn mi máa fẹ̀yìn tì.

"Kó gbọ́ ọ níbo kó tó sín in jẹ? Ìwọ tó o bí i, ṣé o gbọ́ ọ rí?"

Ó nawọ́ sí fóònù náà.

"Pa á rẹ́," ó ní. "Pa á rẹ́ kúrò nínú fóònù yẹn nísinsìnyí."

Mo pa á rẹ́. Lójú rẹ̀ ni mo ṣe é. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti ra àgádágodo, ó so ó mọ́ ilẹ̀kùn Màmá Àgbà, ó sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró ara rẹ̀. Àwa méjèèjì nìkan la óò máa wọlé lọ, láti wẹ̀ ẹ́ àti láti fún un lóúnjẹ. Àáfà àdúgbò wá ṣe àdúà sórí ọmọ náà, ó ka Kùránì títí, ó mu omi, ó sì lọ.

Láti ọjọ́ kejì ni nǹkan ti yí padà. Ọmọ mi ò jẹun mọ́. Kò sunkún o, ìbá sàn bó bá ń sunkún. Ó kàn máa ń lọ jókòó sínú òkùnkùn, á fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn tí a tì yẹn, á na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síwájú, á sì máa wo ọ̀dọ̀ wa. Mo gbé ìrẹsì sí i lẹ́nu, ó yí ojú. Nínú yàrá, bákan náà ni. Mo gbé ẹ̀kọ sẹ́nu Màmá Àgbà, ó pa ètè pọ̀, ẹ̀kọ ń ṣàn lọ sí ọrùn rẹ̀. Ó ti kọjú sí ògiri.

Mo wà níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń nu ọrùn rẹ̀, mo gbọ́ tí nǹkan ń dún. Kò, kò. Ìka ọwọ́ rẹ̀ kan tí àrùn ò mú ló fi ń kan ògiri. Ó dúró. Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, nísàlẹ̀ pátá, níbi tí èjìká ọmọdé mọ, mo gbọ́: kò, kò.

Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dúró níbẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, nǹkan mìíràn wá sí mi lọ́kàn. Ọmọ mi, tí kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn láyé yìí, ló ń dá èèyàn lóhùn yẹn.

Mo lọ bá ìyá ọkọ mi ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tó ti ń ṣẹ́ ẹ̀fọ́.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká ṣí ilẹ̀kùn yẹn."

Kò gbójú sókè. "Bó bá mú ọmọ lọ ńkọ́? O mọ ohun tó wà nídìí ẹ̀?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mú ọmọ lọ, ṣé á kọ́kọ́ máa kọ́ ọ ní ení, èjì?"

Ó ṣẹ́ ẹ̀fọ́ yẹn títí igi rẹ̀ nìkan fi kù. Lẹ́yìn náà ó tú etí ìró rẹ̀, ó nawọ́ kọ́kọ́rọ́ sí mi láìwò mí.

Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn, ọmọ mi kò sáré. Ó dìde, ó gbọn eruku ìdí rẹ̀ nù, ó wọlé bí ẹni tó pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó jẹ ìrẹsì, Màmá Àgbà náà mu ẹ̀kọ.

Láti ìgbà náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mú iṣẹ́ wálé lọ́sàn-án. Mo máa ń jókòó sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ mọ, màá máa fọwọ́ rán bọ́tìnnì. Bí mo bá súnmọ́ yàrá náà, wọn kì í sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn sán níbì kan. Bí mo bá ti sún sẹ́yìn kọjá ibi tó sán, ohùn á bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kan lásán kọjá sí iwájú rẹ̀, wọ́n á dákẹ́, kódà bí mo bá bọ́ bàtà tí mi ò mí. Mo gbà fún wọn nígbà tó yá. Mo jẹ́ kí ó jẹ́ tiwọn. Láti ọ̀ọ́kán, mi ò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe jẹ́, bó ṣe ń lọ sókè sódò nìkan ni mò ń gbọ́: ọ̀kan ń bèèrè, ọ̀kan ń sọ, ọ̀kan ń tún un sọ. Ọmọ mi máa ń rẹ́rìn-ín nígbà mìíràn. Mi ò gbọ́ kí ohùn kejì rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá ilé-ìwé rán èèyàn sí mi pé sáà tuntun ti ń bọ̀, ṣé kí òun pa àyè mọ́ fún ọmọ mi. Ìyá ọkọ mi ní kí n mú un lọ, ó tilẹ̀ ti fẹ́ kó jìnnà sí ilé náà. Mo wo ọmọ náà fún ọjọ́ mélòó kan. Ó ti ń kúnlẹ̀ kí àgbà láìjẹ́ pé a rán an létí. Ó ti ń dúró kí wọ́n bu tirẹ̀ kẹ́yìn. Ó ti ń jẹ́ kí n lọ sí ṣọ́ọ̀bù láìdì mọ́ mi láṣọ. Ṣùgbọ́n bó bá di ọ̀sán, ó ń yọ́ lọ síbi tó ń lọ yẹn bí ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ò tíì parí. Mo ránṣẹ́ padà pé kò tíì yá. Àwọn èèyàn bi mí pé kí ló kù tí mò ń retí. Mi ò lè sọ pé mò ń retí kí ẹlòmíràn sọ fún mi pé ó tó.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni. Mò ń pọn omi sínú garawa lẹ́yìnkùlé. Ọmọ mi jáde láti inú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wá dúró tì mí, ó fa ìró mi.

"Mọ́mì," ó ní, "ẹ rán aṣọ mi."

Àwọn ìyá tí ọmọ wọn pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀ máa ń sọ bí ayọ̀ ṣe gbé wọn nílẹ̀. Tèmi kọ́kọ́ dà bíi kí n sá. Ohùn ọmọdé ni o, ohùn tín-ín-rín tí mo ti gbọ́ nínú fóònù. Ṣùgbọ́n bó ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀, láìkánjú, bí ẹni tó ń gbé ẹrù sílẹ̀ kó má baà fọ́, kò jọ ti ọmọdé. Mo kúnlẹ̀ sínú omi tó dà sílẹ̀, mo di èjìká rẹ̀ mú.

"Aṣọ wo, àdùnní mi?"

"Aṣọ ilé-ìwé. Wọ́n ní ó ti tó."

"Ta ló ní ó ti tó?"

Ó wò mí bí ẹni tí mo bi ní ohun tí mo mọ̀. Ó sì lọ wẹ ojú rẹ̀.

Mo wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ náà, mo rán aṣọ rẹ̀ kí n tó rán ti ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a padà dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé, ọmọ mi kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó, Mà. Ẹ kú làálàá ọmọ. Ẹ ò ní jókòó pòfo."

Obìnrin náà yọ awò ojú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò pẹ́ lójú rẹ̀. "Kí lorúkọ ẹ?" Ọmọ sọ orúkọ rẹ̀, ó fi ti bàbá rẹ̀ kún un, ó fi ti agbo ilé kún un. "Ó dáa. Ṣé o lè kà fún mi?" Gbogbo ọmọ ibẹ̀, "wọ́ọ̀nù, tú" ni wọ́n ń kà. Tèmi fi ọwọ́ lélẹ̀ níwájú tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ láti ení, ó ń sinmi, ó ń gbé ọwọ́ kúrò, ó ń gbé e lélẹ̀. Ó kà á dé ogún, ó kọjá ogún, ó ń yọ, ó ń fi kún un bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe é, títí ó fi dé ibi tí èmi fúnra mi ò mọ èyí tó tẹ̀ lé e mọ́.

"Ó tó," ọ̀gá ilé-ìwé ní. Ó ń wò mí. "Mọ́mì, ta ló kọ́ ọ? Mi ò gbọ́ ọ báyìí láti ìgbà ìyá ìyá mi."

"Ìyá àgbà kan nílé wa ni," mo ní.

"Ẹ bá mi kí wọn. Wọ́n ṣeun gan-an ni. Ó ti ṣe tán."

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọlé, kò sunkún, kò wo ẹ̀yìn. Mo dúró lẹ́nu géètì pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, lẹ́yìn náà mo padà sílé láti wá fún Màmá Àgbà ní ẹ̀kọ rẹ̀, nítorí ìyá ọkọ mi rìnrìn-àjò. Mo ṣe é tán, mo nu ẹnu rẹ̀, mo ṣí fèrèsé. Ìta ni mò ń wò, mo kọ ẹ̀yìn sí ibùsùn.

"Ṣé ó ti wọlé?"

Ohùn ńlá náà ni. Kò jìnnà sí mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọrùn mi. Mi ò yíjú. Mo mọ̀ pé bí mo bá yíjú, ẹnu tó fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan yẹn ni màá rí, mi ò sì mọ̀ bóyá yóò máa mì tàbí kò ní máa mì. Mo di igi fèrèsé mú.

"Ó ti wọlé, Màmá," mo ní. "Kò sunkún."

Mo dúró, mo retí. Nígbà tí mo lè yíjú, ó ti di ojú rẹ̀, ó ń sùn, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò wẹ́rẹ́.

N kò gbọ́ ohùn náà mọ́. Ọmọ mi kò tún lọ sí yàrá yẹn bí ti tẹ́lẹ̀, bó bá ti ilé-ìwé dé, ìta ló ń sáré lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Màmá Àgbà kú nígbà ọyẹ́, lọ́sàn-án, wọ́n kírun sí i lára kí oòrùn tó wọ̀. Ìyá ọkọ mi sunkún rẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ.

Ọmọ mi ti wọ pírámárì báyìí. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ débi pé olùkọ́ rẹ̀ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn mí. Lọ́jọ́ kan tí èmi àti òun nìkan wà ní ṣọ́ọ̀bù, tó ń bá mi to àwọn bọ́tìnnì, mo bi í ní ohun tó ti wà lọ́kàn mi tipẹ́.

"Kí ni Màmá Àgbà máa ń sọ fún ẹ, nígbà tó o wà ní kékeré?"

Ó gbójú sókè. Ó wò mí bóyá mò ń bá a ṣeré, nígbà tó rí i pé mi ò ṣeré, ó rẹ́rìn-ín.

"Màmá Àgbà? Màmá Àgbà kì í sọ̀rọ̀ kẹ̀, Mọ́mì. Àìsàn ti gba ẹnu wọn. Ṣé ẹ ò rántí ni?"

Mo ní mo rántí.